Músù àgbà àti ọmọ músù tuntun nínú ilé kan: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí àti ìdáhùn ẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ní Arówómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, músù kan, ìyẹn ológbò, la ní nílé tẹ́lẹ̀, abo ni, ó ti lé lọ́mọ ọdún 6. Músù lásán là ń pè é. Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ kékeré kan dé láti ọjà Wàsó nínú páálí Indomie, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo páálí yẹn bí ìyáálé tí wọ́n mú ìyàwó wọlé tọ̀ láìsọ fún un, ni màámi bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ìyáálé, ẹ pẹ̀lẹ́ o," orúkọ yẹn ò sì kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ọmọ tuntun la sọ ní Kọ́bọ̀ torí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ní báyìí tí wọ́n ti jọ ń sùn lórí àpò gààrí, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi mí pé kí ni mo ṣe sí i, àwọn míì á pè, àwọn míì á fi fídíò ìjà músù tiwọn ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Músù àgbà mi ń ṣe "hààà" sí ọmọ tuntun, ó tún ń kùn. Ṣé ó ti kórìíra ẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Ẹ̀rù ló ń bà á, inú sì ń bí i díẹ̀. Ẹ má fi wé ajá, ajá fẹ́ràn ẹgbẹ́, àmọ́ músù, òun nìkan ló ń dọdẹ láti ìran wá, ilẹ̀ tó ń jẹ̀ ló mọ̀. Gbogbo ilé yín pátá ló sì ti fi òórùn ara ẹ̀ sàmì sí. Tó bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ àga, tó ń ra ilẹ̀kùn, tó ń ra ẹ̀yin alára lẹ́sẹ̀, ẹ̀ ń rò pé ó ń kí yín ni, ó ń kí yín lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń kọ orúkọ ẹ̀ sí yín lára, òórùn yẹn ń jáde láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, àwa ò kàn lè gbọ́ ọ ni. Ó jí lọ́jọ́ kan, nǹkan kékeré kan tó ń rùn bí ọjà Wàsó ti wà nínú ilé ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé inú yín á dùn?

"Hààà" yẹn, ìkìlọ̀ ni, ó ń sọ pé má súnmọ́ mi. Ẹni tó ń kìlọ̀ ò tíì fẹ́ jà. Èyí tó máa ń kó mi láyà sókè ni èyí tí kò pariwo rárá, tó ba mọ́lẹ̀, tó tẹjú mọ́ ọmọ láìṣẹ́jú, tí ìdí ẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ bẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ dí i lójú kíá, ẹ fi páálí tàbí pílò há àárín wọn, ẹ má fi ọwọ́ há a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án torí pé ó ha. Tẹ́ ẹ bá nà án, ohun tó máa fi sọ́kàn ni pé ìgbà tí ọmọ yìí dé ni ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí.

Ó gbóòórùn aṣọ tí ọmọ sùn lé, ó wá la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń rí lára. Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?

Ara ẹ̀ le. Ihò tíntín kan wà lájà ẹnu músù tó fi ń tọ́ òórùn wò, tó bá fẹ́ mọ̀dí òórùn kan dáadáa, á lanu díẹ̀, á gbé ètè òkè sókè, ojú ẹ̀ á wá dà bíi ti àǹtí kan tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí kíkà ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi mọ ara wọn?

Àwọn kan, ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, wọ́n á ti lè jọ wà ní pálọ̀ láìsí wàhálà. Àwọn míì, ó lè tó oṣù mélòó kan. Tiwa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni, ìyẹn kàn jẹ́ pé wọn ò jà mọ́ ni o, ká tó wá rí i pé ọ̀kan ń lá èkejì, ó kọjá oṣù 2.

Ṣé n ò lè kàn ti àwọn méjèèjì mọ́ yàrá kan kí wọ́n fúnra wọn yanjú ẹ̀?

Háà. Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí, àwọn àgbà ló sì máa ń gbà wá nímọ̀ràn ẹ̀. Èmi náà ṣe ohun tó jọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, àárín pálọ̀ ni mo ti tú páálí. Kọ́bọ̀ yọrí, Ìyáálé ha, Kọ́bọ̀ sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, Ìyáálé fò sórí fíríìjì, ibẹ̀ ló wà láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí di aago 11 alẹ́. Wọ́n mú iná dé, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀, kò mira. A dín pańla, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé, kò tiẹ̀ wo ọ̀nà kíṣìn. Èmi wá na ọwọ́ sí i pé kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ fi ọmọ hàn án, ló bá fi èékánná ya mí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo jẹ̀bi, mi ò bá a wí.

Bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é ni mo wá ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo kó Kọ́bọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tiẹ̀, omi tiẹ̀, báfù yanrìn tiẹ̀, àti páálí tó gbé e wá kó lè ríbi sá wọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Ìyáálé ló ni ìyókù ilé. Fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, òórùn nìkan ni mo jẹ́ kí wọ́n fi pàdé: mo fi ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kọ́bọ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ìyáálé ti ń jẹun, mo tún fi òmíràn nu ti Ìyáálé lọ fún Kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kìíní ó ha sí ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ o, ìbọ̀sẹ̀! Lọ́jọ́ kẹta ó ti sùn lé e. Mo tún ń gbé abọ́ oúnjẹ wọn súnmọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, kó lè mọ̀ pé ìgbàkigbà tí òórùn ọmọ yẹn bá ti ń tú jáde, ẹja ń bọ̀. Tó bá kọ̀ láti jẹun níbẹ̀, ẹ ti súnmọ́ jù nìyẹn, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo pààrọ̀ ibi tí wọ́n wà fún wákàtí kan lójúmọ́, Ìyáálé lọ gbóòórùn yàrá ẹ̀yìn, Kọ́bọ̀ rìn yí pálọ̀ ká. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo tó jẹ́ kí wọ́n fojú rí ara wọn, láàárín ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì tá a fi ń dènà ẹ̀fọn. Nígbà tí wọ́n lè jẹun tán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nẹ́ẹ̀tì láìsí ariwo, mo ṣí i, ìṣẹ́jú 5 péré, mo fi okùn tí mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ bá Kọ́bọ̀ ṣeré kó má baà lọ fò mọ́ àgbàlagbà lórí. Lọ́jọ́ kejì ìṣẹ́jú 10. Ẹ má kánjú ṣáá. Ìjà kan tó le ní ìbẹ̀rẹ̀ lè dá yín padà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ 2.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbo ni mo fẹ́ pín fún wọn?

Ẹ ya àgò adìẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sin adìẹ, èyí tó tóbi, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ wá fi ìró bo apá kan. Ọmọ á wà nínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà ní kíláàsì àti lálẹ́. Bálùwẹ̀ náà dáa tó bá gbẹ. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ pé tòun àti músù àgbà ni wọ́n jọ ń rún ara wọn nínú yàrá yẹn tẹ́lẹ̀, tí landlọ́ọ̀dù náà ò sì fẹ́ ẹranko, ká sòótọ́, ẹ má tíì gbé ìkejì.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá eré ni àbí ìjà?

Ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó. Eré kì í pariwo. Wọ́n á máa yí gbirigbiri, ọ̀kan á wà lókè, láìpẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ á gorí, wọ́n á sinmi, èyí tí wọ́n ń lé á tún padà lọ tọ́ èkejì. Èékánná ò jáde. Ìjà, ẹ ó gbọ́ ọ láti òdìkejì títì: igbe tó ń ha etí, irun á tò sókè lẹ́yìn ọrùn títí dé ìrù, etí á lẹ̀ mọ́ orí pátápátá, irun á máa fò ká ilẹ̀. Tó bá tún jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń lé, tí èkejì kàn ń sá pamọ́ títí, kódà kí ariwo má sí, ìyẹn ti kúrò ní eré.

Kí àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọ létí lẹ́ẹ̀kan, láìyọ èékánná, ẹ jẹ́ kó gbá a. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8 ò mọ bí wọ́n ṣe ń géni jẹ jẹ́jẹ́, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ ọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ẹ jẹ́ kó lò tó ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, tó bá lè tó 12 á tún dáa sí i. Kọ́bọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á kàn ń sọ pé "ó ti ń jẹun, ó ti ń jẹun." Ìrù Ìyáálé ló máa ń bù jẹ. Ọjọ́ kan ó bù ú jẹ nígbà tí Ìyáálé ń sùn, Ìyáálé ò tiẹ̀ dìde, ó kàn yí orí, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dè é síbẹ̀ bíi kí èèyàn ka ení sí ogún. Kọ́bọ̀ ké títí, ó dákẹ́. Ìyáálé gbé ọwọ́ kúrò, ó padà sùn. Mi ò mọ olùkọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ìjà gidi bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ pa ìdérí ìkòkò méjì pọ̀ gbàà, tàbí kẹ́ ẹ ju tówẹ̀lì lé wọn. Kí ọwọ́ yín má wọ àárín. Eyín músù máa ń gún wọlé jìn, ojú ibẹ̀ á dí, ìdọ̀tí á wà nínú, ọwọ́ á wú. Tó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ wá lọ sọ́sípítù, ẹ má sọ pé músù ilé ni.

Akọ ni mo ní nílé. Wọ́n ní akọ máa ń pa ọmọ, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀. Akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá lè pa ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀, pàápàá tí ọmọ bá kéré gan-an. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ara ẹ̀ á rọ̀, àwọn akọ míì tí wọ́n ti tẹ̀ tiẹ̀ máa ń ní sùúrù fún ọmọ ju abo lọ, ẹ ó rí wọn tí ọmọ á máa gùn wọ́n lẹ́yìn. Àmọ́ ṣíṣe iṣẹ́ yẹn lónìí kò ní kó rọ̀ lọ́la, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó wálẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ọmọ tẹ́ ẹ gbé wálé náà ò ní pẹ́ dàgbà. Abo lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní nǹkan bí oṣù 4 sí 6, oyún ẹ̀ ò ju bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, tẹ́ ẹ bá ṣojú fírí, músù 2 á ti di 7.

Ta ni kí n kọ́kọ́ fún lóúnjẹ?

Àgbà. Àgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún, àgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí tẹ́ ẹ bá wọlé, ibi tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e fún ọmọ. Kẹ́ ẹ gbé abọ́ wọn jìnnà síra, bí kò bá sáyè, ti àgbà lórí tábìlì, ti ọmọ nílẹ̀. Ọmọ á jẹ tó ìgbà 3 tàbí 4 lójúmọ́, ikùn ẹ̀ kéré. Ṣáwá sísè tí ẹ ti yọ egungun ẹ̀, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ẹran adìẹ, ìwọ̀nyí dáa. Ọbẹ̀ tiwa yẹn ńkọ́? Rárá, àlùbọ́sà àti ááyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ músù jẹ́, bó ti wù kó máa ké lẹ́sẹ̀ yín tó. Mílíìkì náà, ọ̀pọ̀ ló máa ń yàgbẹ́ gbuuru tí wọ́n bá mu ún.

Láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé ni àgbà ti ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kí ni mo ṣe fún un?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un. Ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ ni, ó ń fi òórùn ara ẹ̀ bo ibi tó ṣe pàtàkì sí i, bẹ́ẹ̀dì yín sì ni ibi tó ti ń gbọ́ òórùn yín jù. Ẹ kọ́kọ́ wo báfù yanrìn: kí iye ẹ̀ fi ọ̀kan ju iye músù lọ, músù 2, báfù 3, kó má jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí, torí èyí tó burú nínú wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí èkejì kọjá. A máa ń lo yanrìn odò tá a ti jọ̀, àwọn míì ń lo sọ́dọ́ọ̀sì láti sọ́ọ̀mìlì. Ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ kó ìgbẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: tí akọ bá ń lọ sí báfù léraléra, tó ń fipá tọ̀, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò jáde tàbí tó ń kán tó-tó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owú mọ́, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀ ló dí. Ó lè pa á láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tẹ́ ò bá rí dókítà ẹranko ládùúgbò, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ìyẹn súnmọ́ wa ju ti Yunifásítì Ìbàdàn lọ.

Àgbà ò jẹun mọ́, ó kàn ń jókòó sórí wọ́díróòbù.

Ẹ gbé oúnjẹ àti omi lọ bá a lókè níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún dá ọmọ padà sí yàrá ẹ̀. Ẹ mú ẹja gbóná díẹ̀ kí òórùn ẹ̀ lè jáde. Tó bá wá di ọjọ́ kejì tí kò fẹnu kan nǹkan kan, ẹ wá dókítà, ẹ̀dọ̀ músù kì í fara da ebi, ó lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá tó bá sanra.

Ọmọ tuntun ń fẹ́ mu ọmú àgbà. Ṣé kí n lé e?

Tí àgbà bá gbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Abo tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra gan-an. Tèyí tí kò bímọ, kò sí wàrà níbẹ̀, ó kàn ń fi tu ara ẹ̀ nínú ni, oúnjẹ ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Tí ọmú bá pupa tàbí tó wú, ẹ yà wọ́n.

Ṣé ó yẹ kí n gba abẹ́rẹ́ fún un kí wọ́n tó pàdé?

Ó yẹ o. Ìdí kejì tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn, ó sì dáa kó tó bí ọ̀sẹ̀ 2, torí àìsàn tó bá wà lára ọmọ látọjà á ti fojú hàn. Èyí tó burú jù ni èyí tó máa ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ músù lójijì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gbà títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, láti oṣù 3. Kí wọ́n fún un lóògùn aràn náà.

Tó bá jẹ́ ti kòkòrò inú irun, ẹ má fi ọ̀tápíápíá wẹ músù! Gbogbo ẹ̀ ló máa lá kúrò lára ẹ̀. Oògùn eégbọn ti ajá náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń pa músù. Ẹ sì má fọ́ parasítámọ̀ fún un torí pé ara ẹ̀ gbóná, hóró kan péré tó láti pa á. Aládùúgbò wa kan fi bẹ́ẹ̀ pàdánù tiẹ̀, ire ló rò pé òun ń ṣe.

Àgbàlagbà ni músù mi, ó ti lé lọ́dún 11. Ṣé kó lè gba ọmọ mọ́ra?

Eegun á ti máa ro irú ẹ̀, kò lè sá, kò sì fẹ́ kí wọ́n fò mọ́ òun. Tó bá jẹ́ dandan, ọmọ 2 sàn ju 1 lọ fún un, wọ́n á máa bá ara wọn ta kìtì. Kẹ́ ẹ sì wá ibi kan fún un tí ọmọ ò lè dé. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ṣe é.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àgbà máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń pa eku?

Wíwò ló fi ń kọ́ ọ. Ìyáálé máa ń gbé eku tí kò tíì kú wá síwájú Kọ́bọ̀, á fi í sílẹ̀, á padà sẹ́yìn, á jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́, eku ló lé Kọ́bọ̀.

Àwọn aládùúgbò ní músù méjì nínú ilé kan, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni.

Àwọn kan náà ló ń wá yá a lọ́wọ́ mi tí eku bá ti wọ inú yangan wọn.

Tí wọn ò bá wá gbà láé ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ músù ò ní di ọ̀rẹ́, wọ́n á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, ọ̀kan lórí fíríìjì, ọ̀kan lábẹ́ àga, ìyẹn náà ti tó, ẹ má wá fídíò ìfaramọ́ra kiri. Tí wọ́n bá ń ṣẹ́jú sí ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ọ̀rọ̀ ti dáa nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde, tí ẹnì kan ò lè jáde wá jẹun, ẹ wá ilé míì tó dáa fún ọmọ nígbà tó ṣì kéré.

Ti Ìyáálé, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó gbà. Ọyẹ́ ló mú àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí wá pọnmi, mo bá wọn lórí àpò gààrí, Kọ́bọ̀ há sábẹ́ àyà ẹ̀, ó ń lá a létí. Ó gbójú sókè wò mí. Ló bá ha sí mi.

Ṣé ẹ lè dá mi lọ́mọ Ìyáálé tó bá bí?

Wọ́n ti yọ ilé ọmọ ẹ̀. Ẹ lọ Wàsó.